Ọfà Inú Àpò

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà nínú àpótí màámi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ọlọ́wọ́ gígùn ni, kọ́là rẹ̀ sì fẹ̀ bí etí erin, bí wọ́n ṣe ń rán an lọ́dún 1974. Lápá òsì, níbi àpò àyà, àbàwọ́n aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó bàbá mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ fọwọ́ síwèé ní kóòtù n'Íbàdàn, wọ́n ra kálámù oníyíǹkì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà, wọ́n fi há àpò. Tíṣà ni wọ́n. Tíṣà wo ló máa lọ gbéyàwó láìní kálámù láyà? Oòrùn mú, ọkọ̀ ò tètè rìn, ara bàbá mi gbóná, ni kálámù bá bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan inú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó dé iwájú akọ̀wé kóòtù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òsì bàbá mi wà láyà bí ẹni tó ń búra.

Màámi fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Ńṣe ni àbàwọ́n ń fẹ̀ sí i. "Kálámù yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Mo ń sọ èyí torí pé láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ka ìtàn ilé-iṣẹ́ Parker, àwọn tó ṣe kálámù tí bàbá mi padà wá lò títí wọ́n fi kú. Mo rò pé ìtàn wúrà àti àwọn olówó ni mo máa bá níbẹ̀. Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí i pé àpò àyà ni gbogbo rẹ̀ ń yí ká. Nígbà tí o kò tíì yọ kálámù jáde rárá, kí ló ń ṣe fún ọ níbi tó wà yẹn? Ṣé ó ń bò ọ́ láṣìírí ni, àbí ó ń múra àtidójú tì ọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé Páákà tí àwọn àgbà ń pè àti Pààká, eégún, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohùn orúkọ méjèèjì yàtọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra lójú mi: ọmọdé kì í fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, wọn kì í sì í jáde àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá wà. Bíírò pupa ni bàbá mi fi ń máàkì ìwé. Páákà di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn àna wọn, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí káàdì èsì ìdánwò ìparí ọdún.

George Safford Parker ni orúkọ ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọdún 1863 ni wọ́n bí i ní Shullsburg, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà. Tíṣà lòun náà. Iṣẹ́ wáyà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Janesville, bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn lórí okùn irin, owó tó ń wọlé fún un kò sì tó nǹkan. Bí àwọn tíṣà tiwa ṣe máa ń ta bisikíìtì fún ọmọ kíláàsì ní àkókò ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni Parker ń ta kálámù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kálámù John Holland tí wọ́n ń ṣe ní Cincinnati. Kálámù ọ̀hún a máa jò. Nígbà mìíràn, á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ta ni àwọn ọmọ fẹ́ lọ bá? Ẹni tó tà á fún wọn ni wọ́n mọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó lè ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ṣe é ní Cincinnati. Ó wá irinṣẹ́ wẹ́wẹ́, ó ń tú u, ó ń tún un tò, mo sì fura pé nígbà tó yá, ó mọ ìdí tí kálámù fi ń jò ju àwọn tó ń ṣe é lọ. Ní 1888 ló dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1889 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí kálámù tó kọ́kọ́ ṣe. W. F. Palmer, aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, fi 1,000 dọ́là ra ìlàjì okòwò náà, nígbà tó sì di 1892, wọ́n fi orúkọ Parker Pen Company sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

(Ilé-iṣẹ́ Waterman ní New York, tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú Parker, ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní Lewis Waterman pàdánù oníbàárà ńlá kan torí kálámù tó da yíǹkì sórí ìwé àdéhùn. Àwọn tó tú ìtàn náà wò ní ìpolówó ọjà ló bí i, lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà. Ti Parker kò dùn tó yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.)

Ohun tó sọ Parker di Parker ni ọgbọ́n kan tó dá ní 1894, tó pè ní Lucky Curve. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi gan-an ni. Tí o bá kọ̀wé tán tí o fi kálámù há àpò, ẹnu rẹ̀ á wà lókè, púpọ̀ nínú yíǹkì á sì padà sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ á há sínú ọ̀nà tóóró tó ń gbé yíǹkì lọ sẹ́nu. Ara èèyàn gbóná. Atẹ́gùn inú kálámù náà á gbóná, á wú, á máa wá ọ̀nà àbájáde, á sì ti yíǹkì tó há yẹn jáde sínú ìdérí. Nígbà tí o bá máa fi ṣí i, ọwọ́ rẹ di ọwọ́ aláró. Ọgbọ́n tí òwú fìtílà fi ń fa kẹrosíìnì ni Parker lò sí i. Ó tẹ ìdí ọ̀nà tóóró náà kọrọdọ, kó lè fara kan ògiri inú kálámù. Ojú ibi tó ti fara kàn án yẹn á máa fa yíǹkì tó há padà sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn tó rí i tì.

Mo ti ka àlàyé yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Gbogbo ayé ń wá bí kálámù ṣe máa kọ̀wé geere. Ọkùnrin yìí ń ronú nípa kálámù tó ń sinmi.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún, kálámù ò sì rí nǹkan kan fi ṣe fáàrí, torí dúdú ni púpọ̀ nínú wọn, bíi bàtà ọ́fíìsì. Ní 1921, Lewis Tebbel, tó ń bójú tó ọjà Parker lápá Spokane, rọ àwọn ọ̀gá ní Janesville pé kí wọ́n ṣe èyí tó tóbi, tó sì pupa. Wọ́n ṣe é, wọ́n pè é ní Duofold. Àwọn tó ń rà á ń pè é ní Big Red. Dọ́là 7 ni wọ́n dá lé e, lásìkò tí Ford ń san dọ́là 6 fún òṣìṣẹ́ lóòjọ́ tí ẹnu sì ń ya aráyé pé owó náà pọ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni onídùúró rẹ̀ fún ọdún 25. Nígbà tí wọ́n pa rọ́bà líle tì tí wọ́n bọ́ sórí ike, wọ́n ń jù ú látinú ọkọ̀ òfurufú nínú ìpolówó kí aráyé lè rí i pé kò fọ́. Mi ò mọ ẹni tó ń kọ̀wé látinú ọkọ̀ òfurufú tó máa wá jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun, àmọ́ ọjà tà.

Pupa yẹn la fi mọ̀ pé kálámù ti kúrò ní ohun ìfipamọ́. Ní 1933 ni wọ́n wá fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà: irin tí wọ́n fi ń há kálámù mọ́ àpò di ọfà, pẹ̀lú ìyẹ́ lára rẹ̀ àti ṣóńṣó tó kọjú sísàlẹ̀. Joseph Platt ló ya àwòrán rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà lódì-kejì títì ti lè mọ ohun tó wà lápò rẹ.

Ọfà yìí ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún mi pé nígbà èwe àwọn, ìdúró lásán ni èèyàn fi ń mọ akọ̀wé tó rí jájẹ: ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi ń dún, àti ọfà tó ń dán lápò. Bàbá ní àwọn kan wà tí owó wọn ò ká odindi, ìdérí nìkan ni wọ́n rí rà, òun ni wọ́n fi ń há àpò, wọn ò sì ní gbà láéláé kí ẹnikẹ́ni yá kálámù lọ́wọ́ wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Mi ò jẹ́ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú tó bẹ́ẹ̀.

Parker 51 ni bàbá mi ní. Yíǹkì ló fà á tí wọ́n fi ṣe irú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kọ lẹ́tà tán gbọ́dọ̀ fi bébà tó ń fa omi tẹ̀ ẹ́ kó tó lè ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ní 1931 Parker ti gbé Quink jáde, yíǹkì tó ń tètè gbẹ, àmọ́ wọ́n tún fẹ́ èyí tó máa gbẹ bí o bá ṣe ń kọ ọ́ lọ. Wọ́n rí i ṣe. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé yíǹkì tuntun náà mú bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó ń jẹ ike tí wọ́n fi ń ṣe kálámù. Ohun tó bá sì ń tètè gbẹ lórí ìwé, ó di dandan kó tètè gbẹ lẹ́nu kálámù pẹ̀lú. Wọ́n wá fi Lucite ṣe ara rẹ̀, irú ike tí wọ́n ń fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfurufú ogun. Ní ti ẹnu rẹ̀, wọ́n fà á wọ abẹ́ ike bí ìgbà tí ìjàpá bá fa orí wọ ìkarahun, ó wá ku ṣóńṣó wúrà bíńtín níta.

Ẹ ò rí i pé ó pa ni lẹ́rìn-ín. Wúrà tó wọ́n jù lára kálámù ni wọ́n fi pamọ́. Ọfà nìkan ni ẹni tó ń wò ọ́ ń rí.

Orúkọ rẹ̀ kò lẹ́wà, 51 ṣáá. Ọdún 1939 tí wọ́n parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà pé ọdún 51. Kenneth Parker, ọmọ George, fẹ́ orúkọ tí kò ní nílò ìtumọ̀ níbikíbi láyé. Ní 1941 ló jáde ní dọ́là 12.50. Ogun Hítílà wá gba gbogbo irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kálámù di ọ̀wọ́n, síbẹ̀ wọn ò dẹ́kun ìpolówó ohun tí wọn kò ní tó láti tà. Nígbà tí àwọn ará Jámánì túúbá ní Reims ní May 1945, Ọ̀gágun Eisenhower gbé Parker 51 méjì sókè níwájú àwọn ayàwòrán, ó dì wọ́n mú bíi lẹ́tà V. Ní September, lórí ọkọ̀ ojú omi Missouri, Ọ̀gágun MacArthur náà lo Duofold pupa ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn kálámù tó fi gba ìtúúbá Japan. Fọ́tò wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn ẹni tó bá béèrè nípa Parker. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wú mi lórí. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ló wúwo.

Ẹjọ́ 35 sẹ́ńtì ló wú mi lórí. Lásìkò kan náà yẹn, wọ́n ń fi dáyámọ́ńdì kékeré aláwọ̀ aró sí ọfà àwọn kálámù kan, àmì pé títí ayé ni Parker dúró fún un. Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́ tí o bá gbé e padà, wọ́n á gba 35 sẹ́ńtì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò l'Amẹ́ríkà ní irú onídùúró wo lẹ̀yin, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún? Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní 1946, ilé-ẹjọ́ ní wọ́n lè máa ṣèlérí lọ, bí wọ́n bá ti kọ 35 sẹ́ńtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí níbi tí ojú á ti tètè rí i. Mo máa ń ronú nípa ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ wáyà ọjọ́sí tó gbé kálámù tó ń jò padà wá bá tíṣà rẹ̀. Ṣé tíṣà náà gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

October 1945 ni bíírò dé ìgboro New York. Ilé ìtajà Gimbels ló kọ́kọ́ tà á níbẹ̀, èyí tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Reynolds ṣe. Dọ́là 12.50 ni, iye Parker 51 gan-an, àwọn èèyàn sì tò síta bí ẹni ń gba epo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jò. Ṣẹ́ẹ̀tì tún kàgbákò. Àmọ́ Reynolds kọ́ ló ni ọgbọ́n náà o. László Bíró ni, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Hungary, tó sá kúrò nílé nítorí ìkà tí wọ́n ń hù sí àwọn Júù, tó fìdí kalẹ̀ sí Argentina, tó sì gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ ní 1943. Orúkọ ọkùnrin yìí là ń pè lójoojúmọ́ láìmọ̀, ní kíláàsì, ní báńkì, lọ́dọ̀ bàbá aláṣọ tó ń kọ gbèsè sára páálí. Kálámù àti tàdáwà ti wà nínú èdè wa ṣáájú rẹ̀. Láti èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, wọ́n sì bá wàláà wọ ilé kéwú tipẹ́tipẹ́. Bíírò wá dé, ó ṣe bí onílé. Parker tí gbogbo akọ̀wé ń fẹ́, orúkọ àjèjì ló ṣì jẹ́ títí dòní.

Bàbá mi ò fẹ́ràn bíírò. Wọ́n ní ó ń sọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ di ipasẹ̀ adìyẹ. Parker pàápàá lọ́ra kó tó gbà. Ní 1954 ni Jotter, bíírò tiwọn tó lórúkọ, tó jáde.

Ìyókù, ìtàn rírà àti títà ni, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1986, ẹ̀ka kálámù bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gillette rà á ní 1993, Newell rà á lọ́wọ́ Gillette ní 2000. Ní 2009 ni ìkéde jáde pé iṣẹ́ máa dópin ní Janesville, àti ní Newhaven, etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ṣe ti bàbá mi. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kó ti Newhaven lọ. Ní 2021 wọ́n tún gbé kálámù kan jáde, wọ́n pè é ní Parker 51. Ọ̀rẹ́ mi kan ní i, ó gbé e fún mi wò. Yíyí ni wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀ bíi ti ìgò. Ti àtijọ́, wàá kàn tì í ni, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní ó dára. Mo dá a padà fún un.

Lọ́dún kejì ìgbéyàwó ni bàbá mi ra tiwọn lọ́wọ́ tíṣà ẹgbẹ́ wọn kan tó ń lọ sókè òkun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi sanwó ẹ̀. Mo ti máa ń rò pé màámi bínú sí i, torí owó ilé ni. Ọdún tó kọjá ni mo tó bi wọ́n.

"Bínú kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á. Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń fọṣọ?"

Pupa tó fẹ́ dúdú ni kálámù náà, bí osùn tó ti pẹ́ nínú igbá. Láti 1948 ni wọ́n ti ń fi ọ̀rá kan tí kì í tètè jẹrà ṣe àpò yíǹkì inú rẹ̀, wọ́n sì fi irin bò ó, àpò nínú àpò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà láyà bàbá mi, nínú mọ́tò, nínú oòrùn, nínú ìpàdé àwọn òbí tí kì í tán, kò sì fi àmì kan sí ṣẹ́ẹ̀tì kankan.

Ọdún 2011 ni bàbá mi kú. Kérésì tó kọjá ni mo rí kálámù náà nínú àpótí, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e. Mo gbé e jáde sẹ́yìnkùlé, mo bu omi sínú abọ́ funfun kan, mo tú ìdí rẹ̀, mo ń tẹ irin inú ẹ̀, kó máa fa omi kó máa tu ú jáde. Màámi jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń wò ó. Omi àkọ́kọ́ mọ́ lóló. Ìkejì mọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, à ń sọ ọ̀rọ̀ iye tí tòmátò dà lọ́jà. Nígbà tí mo padà tẹ̀ ẹ́, okùn aró tín-ín-rín kan yọ lẹ́nu kálámù, ó ń lọ́ nínú omi bí èéfín, òmíràn tẹ̀ lé e, kí a tó mọ̀, gbogbo omi abọ́ ti di aró. Yíǹkì tí bàbá mi fà kẹ́yìn ni.

Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Màámi wo abọ́ náà, wọ́n wò mí, wọ́n wo okùn tí aṣọ wà lórí rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ká gbogbo aṣọ funfun wọn wọlé.